Bọ́ọ̀sì Aláwọ̀ Ìyeyè Tó Ń Kọjá ní Loganville

Ọmọ mi kò purọ́ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé yìí kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé mo fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà kò pọ̀, òótọ́ sì ni. Bó bá jẹ́ pé ó purọ́ ni, mo mọ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ tó purọ́ wí. Èyí tó ṣe fún mi yìí, n kò tíì rí orúkọ tí mo lè pè é.

N kò lọ ilé ìwé. Ọmọ ọmọbìnrin mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ìbàdàn ló ti kàwé kó tó wá sí yunifásítì tó wà ní Downtown, àárín ìlú Atlanta níbí. Mo ní kó máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Màmá àgbà, gbogbo ẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀.

Ọmọkùnrin mi ló mú mi wá sí Atlanta nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bí àkọ́bí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Oṣù mẹ́fà ni mo ní màá lò. Ọmọ kan di méjì, mo ṣì wà níbẹ̀. Ilé tí a ń gbé nígbà náà kò tóbi, yàrá méjì péré ni. Èmi àti àwọn ọmọ la jọ ń sun ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá tọ̀, gbogbo wa la máa jí. Ṣùgbọ́n bí o bá jáde lẹ́nu ọ̀nà, tí o kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, tí o sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ibùdó rélùwéè nìyẹn.

Ẹni tí kò mọ̀wé a máa ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi ni mo fi ń mọ ọ̀nà. Bí rélùwéè bá ti gbéra, màá di ìlẹ̀kẹ̀ mú; bó bá dúró, màá fa ẹyọ kan. Mọ́ṣáláṣí wa, ẹyọ mẹ́fà. Ilé ọ̀rẹ́ mi, ẹyọ mẹ́rin. Ibi tí ojú irin pin sí, tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Norcross láti ra èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, ẹyọ mọ́kànlá. Àwọn tó bá rí mi á rò pé Ọlọ́run ni mò ń rántí. Mò ń rántí Ọlọ́run náà, ṣùgbọ́n ẹyọ tí mo bá fà, ti ibùdókọ̀ ni. Màá pọn ọmọ sẹ́yìn, màá fi káàdì mi kan ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn á ṣí. N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣìnà, ìyẹn nítorí pé okùn tẹ̀sùbáà já.

Ọ̀rẹ́ tí mo wí yìí, Ìjẹ̀bú ni. Èmi, ará Ọ̀yọ́ ni mí. Orúkọ ìlú wa la fi ń pe ara wa. Òun náà wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ó sì dúró. Bí mo bá wọlé, á ní, "Ọ̀yọ́, o dé. Ṣé o jẹun kí o tó máa bọ̀, àbí o wá jẹ tèmi run?" Èmi náà á ní, "Ìjẹ̀bú, kí ló wà nínú ìkòkò rẹ tí èèyàn lè jẹ run? O ti ń ṣọ́ ẹja kan náà láti ọjọ́ Jímọ̀." A ó jókòó títí di Àlàásárì, a kò ní sọ ohun gidi kan, inú wa á sì dùn.

Iṣẹ́ tó pa wá pọ̀ ni òkú wíwẹ̀. Bí obìnrin bá kú nínú wa, obìnrin ló ń wẹ̀ ẹ́, ọjọ́ náà la sì ń sin ín bó bá ṣeé ṣe. Ìyá mi ló kọ́ mi ní kékeré. Nínú mọ́ṣáláṣí wa níbí, àwọn ọ̀dọ́ wà tó mọ Kùránì jù wá lọ, nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí aṣọ lójú òkú, wọ́n á máa fà sẹ́yìn. Èmi àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń pè. Òun ni yóò gbé omi kaná, èmi ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. A ó ṣe àlùwàlá fún un bí ẹni tó fẹ́ kírun. A ó wẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí kàfúrà yóò wà nínú omi ìkẹyìn. A ó di irun rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, a ó wá fi aṣọ funfun dì í. Òfin kan wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ: ohun tí a bá rí lára òkú, ibẹ̀ ni a ń fi sílẹ̀. A kì í gbé e jáde.

Ọjọ́ kan tí a ti ibẹ̀ ń bọ̀, a jókòó sí ibùdó rélùwéè, ọwọ́ wa ṣì ń rùn fún kàfúrà. Ó ní, "Ọ̀yọ́, èwo nínú wa ló máa kọ́kọ́ lọ?"

Mo ní, "Ìwọ ni. O dàgbà jù mí lọ."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Ọdún tí wọ́n bí ẹ, kò sẹ́ni tó tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wá sọ ohun kan tó wà lára rẹ̀ fún mi. Yàtọ̀ sí olóògbé ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i rí, ọmọ rẹ̀ gan-an kò mọ̀. N kò ní sọ ọ́ níbí, kí ọmọ tó ń kọ̀wé yìí má sì bi mí. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí àjèjì rí i. Ìwọ ni kó wẹ̀ mí. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ṣáájú, èmi ni màá wẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ẹyọ mẹ́rin ni láti ilé mi dé ilé rẹ. Kí omi tó gbóná, màá ti dé."

Ó ní, "Kí omi tó gbóná."

Láti ọjọ́ náà, bí a bá fẹ́ pínyà, ohun tí a máa ń sọ nìyẹn dípò ó dàárọ̀.

Nígbà tí ọmọ kejì tí ọmọkùnrin mi bí kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ, bàbá rẹ̀ wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bó bá ti jókòó sílẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Ó ní ilé ti há jù, owó ilé sì ń gun òkè. Ó ní àwọn rí ilé kan ní Loganville, ìlú kékeré kan tó jìn sí Atlanta, ilé tara ẹni, ó ní ọgbà, ó ní yàrá tèmi nísàlẹ̀ tí n kò fi ní máa gun àtẹ̀gùn. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́.

Ó ní, "Màámi, ẹnu yín la fẹ́ gbọ́. Tí ẹ bá ní ká lọ, a máa lọ. Tí ẹ bá ní ká jókòó síbí, a máa jókòó."

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kò kó kúrò ní agbo ilé láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ fi ẹnu sí i. Inú mi dùn pé ó rántí. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni mo ti ń pè é ní ọkọ mi, mo sì pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ọkọ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Báwo ni màá ṣe máa jáde?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wò ó ná."

A lọ wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀nà náà jìn. Mo mú tẹ̀sùbáà dání nínú ọkọ̀, mo ń wá ohun tí màá fi ka ọ̀nà. Igi, ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, igi, ilé epo. Kò sí ibi tí èèyàn ti kóra jọ dúró. Nígbà tó yá, mo jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ sinmi.

Ilé náà dára. N kò ní torí ìbínú sọ pé kò dára. Yàrá tó ní ó jẹ́ tèmi gba oòrùn, balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àkọ́bí ń sáré lórí koríko, ó ń ṣubú, kò sunkún. Mo tún bèèrè pé, "Báwo ni màá ṣe máa jáde?" Ọmọ mi ní kí n wá wo ilé ìdáná. Mo wò ó. Ilé ìdáná náà dára.

Ìgbà tí a jáde, tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò náà, ni bọ́ọ̀sì kan kọjá. Ó gùn, ó ga, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ àfi ẹni tó ń wà á. Kò pẹ́ tí òmíràn tún tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkàn mi ṣe rò ó, kí ẹ má pè mí ní òmùgọ̀. Nílé wa, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀dà tó fi ń kun ọkọ̀ èrò rẹ̀. Ti Ìbàdàn yàtọ̀, ti Abẹ́òkúta yàtọ̀, ti Èkó yàtọ̀. Bí o bá ti rí àwọ̀ ọkọ̀, o mọ̀ pé o ti wọ ìlú mìíràn. Bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ ní Atlanta kì í ṣe aláwọ̀ ìyeyè. Èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti rí i tó ń kọjá lójú títì, n kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ni. Mo rò pé èrò ìlú mìíràn ló gbé wá. Ìgbà tí mo rí i ní Loganville, mo ní ìlú rẹ̀ rè é.

Mo ní, "Háà. Ọkọ mi, ṣé bọ́ọ̀sì ibí nìyẹn?"

Ọmọ mi wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo fóònù. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ó ń kọjá níbí láàárọ̀, ó tún ń kọjá lọ́sàn-án."

Ohun tó sọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀, lẹ́bàá títì, mo ṣàdúrà. Mo ní kí ilé náà tù wá lára, kí a fi ẹsẹ̀ ire wọ̀ ọ́, kí àwọn ọmọ dàgbà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ṣe àmín. Àmín ti ọmọ mi ló ròkè jù.

Mo lọ sọ fún Ìjẹ̀bú. Ó ní, "Wọ́n ní inú igbó ni ẹ ń kó lọ."

Mo ní, "Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ojú mi ni mo fi rí i."

"Ṣé o wọ̀ ọ́?"

"Mi ò tíì wọ̀ ọ́."

"Ọ̀yọ́, o ò wọ̀ ọ́, o sì ti mọ ibi tó ń lọ."

"Ibi tí rélùwéè wà ló máa lọ. Ibo ni bọ́ọ̀sì tún ń lọ?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Kí omi tó gbóná."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ìgbà tí a kó lọ, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun mi, mo pọn ọmọ, mo mú káàdì rélùwéè dání, mo jáde sí ìkóríta. Àwọn ọmọdé bíi mélòó kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú òyìnbó obìnrin kan tó fa ajá dání. Nílé wa, ọmọ ilé ìwé àti àgbà jọ ń wọ ọkọ̀ ni, ìyẹn kò fu mí lára. Bọ́ọ̀sì dé, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ọmọ wọlé, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sí i, mo na káàdì.

Obìnrin dúdú ló ń wà á, kò lè ju ọmọ mi lọ. Ó wo káàdì, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nínú gbogbo ohun tó sọ, mo gbọ́ school, mo gbọ́ ma'am. Mo mọ ma'am, ọ̀wọ̀ ni. Mo rò pé ó ń kí mi káàbọ̀, mo bá tún gbé ẹsẹ̀ kejì sí i. Ó na ọwọ́ síwájú mi láìfọwọ́ kàn mí, ó ń mi orí. Àwọn ọmọ ń wò mí. Lẹ́yìn náà ọ̀kan rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín. Òyìnbó alájá ló di ìgúnpá mi mú tí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Mo wọlé, mo bọ́ aṣọ funfun, mo fún ọmọ lóúnjẹ, mo jókòó. N kò dìde títí ọkọ̀ ọmọ mi fi wọ inú ọgbà.

Mo ní, "Bọ́ọ̀sì yẹn, ti ta ni?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ jáde ni?"

"Ti ta ni?"

"Ti àwọn ọmọ ilé ìwé ni."

"Ṣé o mọ̀ lọ́jọ́ tí a dúró síbẹ̀?"

Ó ní, "Màámi, mi ò sọ pé ẹ lè wọ̀ ọ́. Ẹ bi mí pé ṣé bọ́ọ̀sì ibí ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màámi. Mo ní kó sọ fún yín. Ó ní tó bá yá."

Mo ní, "Ìwọ náà ní ẹnu."

Mo bi ọmọ mi pé bọ́ọ̀sì tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ńkọ́. Ó ní kò dé ibí. Mo ní ẹsẹ̀ ńkọ́, ó ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tí rélùwéè wà. Ó ní, "Ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ lọ, màá gbé yín. Mo ṣèlérí." Ó ní ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń fi fóònù pè, òun á kọ́ mi. Ó kọ́ mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ni fóònù náà ń bi èèyàn, kì í ṣe ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀.

Kì í ṣe pé ilé jìn ló dùn mí jù. Ó mọ̀ pé bí mo bá ní rárá, òun kò ní lè kó lọ. Nítorí náà ó jẹ́ kí n rí ohun tí mo fẹ́ rí. Àdúrà mi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ohun tí ọmọ lè jí lọ́wọ́ ìyá pọ̀, ẹran inú ọbẹ̀ ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà àkókò iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ yí padà, lẹ́yìn náà ọkọ̀ kan bàjẹ́, lẹ́yìn náà ó di pé ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Obìnrin méjì kú nínú wa, n kò sí níbẹ̀. Ìjẹ̀bú ló sọ fún wọn pé orúnkún ń dùn mí. Òun ló bò mí.

Kò pẹ́, òun náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ní ó rẹ òun, ó rẹ òun, nígbà tó yá kò lè dìde mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń di tín-ín-rín. Ọjọ́ kan ó ní, "Ọ̀yọ́, bọ́ọ̀sì rẹ ńkọ́?"

Kọ èyí náà sílẹ̀. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Ó ń kọjá láàárọ̀, ó ń kọjá lọ́sàn-án."

Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí omi tó gbóná."

Èmi náà kò purọ́. Ìtìjú ló mú mi, n kò fẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ tí mo bí ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí ọjọ́ náà bá dé, ọmọ mi yóò gbé mi. Ó ṣáà ti ṣèlérí.

Ọjọ́rú ni. Fóònù dún lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti lọ síbi iṣẹ́, tí àkọ́bí ti wà nílé ìtọ́jú ọmọ, èmi àti ọmọ kékeré nìkan ló kù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó ní, "Màámi, ìyá ti lọ, lẹ́yìn Àsùbáà." Ó ní lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́sàn-án ni wọ́n máa sin ín. Ó ní, "Wọ́n ní kí n pè yín kí n tó pe lèmọ́mù. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí aṣọ kí ẹ tó dé."

Mo pe ọmọ mi. Kò gbé e. Mo tún pè é. Ó gbé e nígbà kẹta, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní Ìjẹ̀bú ti kú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Mo wà nínú mítìn-ín. Mò ń bọ̀." Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, kò sí bí wọ́n ṣe ń pè é síta.

Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun. Mo jókòó. Mo dìde. Nígbà tí mo rí i pé oòrùn ti ń gun òkè, mo pọn ọmọ, mo jáde. Mo kọjá ìkóríta, mo dé títì ńlá. Kò sí ibi tí èèyàn ń rìn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà, koríko ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá, afẹ́fẹ́ wọn ń fẹ́ ìbòrí mi sókè. Mo ń fa ìlẹ̀kẹ̀, n kò mọ ohun tí mò ń kà. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè kan bá mi níbẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Òyìnbó alájá ni ó rí mi. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Mo mọ̀ pé bí mo bá lè sọ ibi tí mò ń lọ, yóò gbé mi. Ó hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ òpópónà Ìjẹ̀bú, n kò mọ orúkọ ibùdókọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn, ẹyọ mẹ́rin ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mo na tẹ̀sùbáà sí i, mo ka ẹyọ mẹ́rin hàn án. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ mi, ó rò pé àdúrà ni mò ń ṣe. Ó gbé mi padà sílé.

Ìgbà tí ọmọ mi dé, ó ti kọjá ọ̀sán. Ó fi gbogbo agbára sáré ọkọ̀, n kò ní sọ pé kò sáré. Gosílóò mú wa lọ́nà. Tààrà ibi ìsìnkú la gbà lọ, àwọn ọkùnrin sì ti ń da yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú wá bá mi. Ojú rẹ̀ wú. Kò bínú, ì bá dára kó bínú. Ó ní, "A dúró dè yín, Màámi. Omi gbóná, ó tutù, a tún gbé e kaná. Lèmọ́mù ní àkókò ti lọ."

Mo ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Ó fi àwọn ọmọbìnrin méjì hàn mí, láti mọ́ṣáláṣí mìíràn. N kò rí wọn rí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n di irun rẹ̀ sí mẹ́ta. Èyí àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èkejì wò mí, ó sì sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti rí i.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ bú mi."

N kò bú u. Mo bi í ní ohun kan. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí a dúró lẹ́bàá títì, tí bọ́ọ̀sì yẹn kọjá, kí lo rí lójú mi?"

Ó ní, "Mo rí i pé inú yín dùn. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, tí ẹ rí yàrá yín, tí ẹ ń bá àwọn ọmọ ṣeré, ẹ máa gbàgbé rélùwéè."

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Báyìí, ọmọ tó ń kọ̀wé yìí ní kí n máa wá bá òun gbé. Yàrá kan ló ní ní Downtown, ìdáná rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí o bá ń dín ẹyin, ìrọ̀rí á gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ mi ní kò ṣeé ṣe, kí ni àwọn èèyàn máa wí? Ó tún jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ní ẹnu mi ni òun fẹ́ gbọ́. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ mi ni yóò dáhùn. Mo ń lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ kò ṣẹ̀ mí. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ibí ni mo wà. Mo lè gbọ́ rélùwéè láti ojú fèrèsé. Mo wọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ níbi tí mo ti máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sílé Ìjẹ̀bú. Mo jókòó lórí àga ibẹ̀ títí rélùwéè mẹ́ta fi kọjá, mo sì padà.

Ọmọ mi kì í fi Ọjọ́bọ̀ ṣeré mọ́. Kí n tó wẹ̀ tán, ọkọ̀ ti ń dún níta. Òun ló ń gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá yìí, tó ń bèèrè bóyá mo ti jẹun, bóyá òògùn mi wà nínú báàgì. Mò ń dá a lóhùn. Mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mò ń ṣàdúrà fún un lórí ìrun, nítorí ọmọ mi ni.

Bó bá fẹ́ lọ, á dúró díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà, n kò pè é ní ọkọ mi mọ́, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo fi ń pè é. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lónìí náà, mo ní kó rọra wakọ̀. Ó ní, "Ó dàárọ̀, Màámi." Ó sì fa ilẹ̀kùn dé.